Ìkìlọ̀ fún Gbogbo Ẹni Tó Ń Ṣiṣẹ́ Létí Omi Igbókòdá: Ẹ Dẹ́kun Dída Ìdọ̀tí Ibi Iṣẹ́ Sódò

Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ̀yin awakọ̀ ojú omi, ẹ̀yin ìyá wa tí ń yan ẹja, ẹ̀yin ọ̀gá onísọ́míìlì, ẹ̀yin olóúnjẹ etí èbúté, àti ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, ẹ fetí sí ìkìlọ̀ yìí kí òjò tó wọlé dé.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí a ti lò, tí gbogbo wa ń pè ní kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dojú kọ, torí pé òun ló burú jù, òun la sì fojú kéré jù. Lítà kan péré nínú rẹ̀ tó láti ba mílíọ̀nù kan lítà omi mímọ́ jẹ́. Àjọ EPA tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà ló ń fi irú ìṣirò yìí kìlọ̀ fún àwọn ará ìlú wọn. Tánkì dúdú oní-1,000 lítà tó wà lókè ní ọ̀pọ̀ ilé wa, ẹ ka ẹgbẹ̀rún kan irú rẹ̀: gbogbo omi inú wọn pátá ni lítà kan kọ́ńdẹ́ẹ̀mù lè sọ di èyí tí ẹnu kò gbà mọ́. Bẹ́ẹ̀, lítà kan kò ju ohun tí wọ́n ń fà jáde lábẹ́ jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo lọ, tí ọmọ iṣẹ́ á dà sí gọ́tà, tí á fi ẹsẹ̀ wọ́ yanrìn bò ó, tí á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ta ni kò ní jẹnẹrétọ̀ ní Igbókòdá? Ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá ni ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó, láti Òkìtìpupa títí dé ọ̀dọ̀ wa, fi wà láìsí iná ìjọba. Àwọn tó ń ta ẹja tútù, oníyìnyín, télọ̀, onígẹ̀run, ilé ìwòsàn, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìfowópamọ́, kò sí èyí tí kò fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́. Ìwé tó ń bá ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré wá sọ pé kí a máa pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lẹ́yìn bíi 100 wákàtí. Ẹni tó ń tan tirẹ̀ fún wákàtí márùn-ún lójúmọ́, ogúnjọ́ ogúnjọ́ ni yóò máa pààrọ̀ ọ́ìlì. Ẹ wá fi wo gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà láti ojú ọ̀nà Òkìtìpupa títí dé èbúté, kí ẹ fi ọ̀kadà àti mọ́tò kún un, kí ẹ fi ẹ́ńjìnnì dísùù àwọn onísọ́míìlì kún un. Ibo ni gbogbo ọ́ìlì yẹn ń lọ? Gọ́tà Igbókòdá kò níbòmíràn tó ń ṣàn sí ju odò lọ.

Bí kọ́ńdẹ́ẹ̀mù bá dé ojú omi, kì í tètè rì, kì í sì pòórá. Ṣe ló ń tẹ́ pẹrẹsẹ lórí omi, tí atẹ́gùn tí ẹja ń mí kò fi ní ráyè wọlé dáadáa. Ẹyin ẹja àti ọmọ ẹja tí kò tíì lágbára, tó ń fara pamọ́ sáàárín gbòǹgbò igi ẹ̀gbà, ni í kọ́kọ́ kú. Òjé, síńkì àti irin mìíràn tó jẹ kúrò lára ẹ́ńjìnnì wà nínú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi, níbi tí edé àti alákàn ti ń jẹun, ọ̀dọ̀ edé àti alákàn ni wọ́n sì ti ń bá wa délé nínú ìkòkò ọbẹ̀.

Èyí tí a dà sílẹ̀ tí kò dé odò ńkọ́? Yanrìn funfun Igbókòdá, tí àwọn tó ń ṣe ìgò mọyì rẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, kì í dá ohun olómi dúró. Ohun tí a bá dà sórí rẹ̀ á wọlẹ̀ lọ bá omi kànga, omi kànga wa kò sì jìn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, púpọ̀ nínú èyí tí a dà sí gọ́tà á wà níbẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ló ń fọ gbogbo rẹ̀ papọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó ń gbá a lọ sódò lákòókò tí ọ̀pọ̀ ẹja ń yé ẹyin. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ gbọ́ báyìí, kó má jẹ́ ìgbà tí omi bá ti dúdú.

Ẹ̀yin awakọ̀, ó kàn yín. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí ẹ fi ń gbé èrò lọ sí Ayétòrò, Ugbónlá àti Àwòyè jẹ́ irú ti àtijọ́ tí a ń po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù fún. Ẹ lè sọ pé irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kì í ní kọ́ńdẹ́ẹ̀mù tí a ń fà, òótọ́ sì ni, àfi ti gíà ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í jó gbogbo epo tí a fún un. Ó lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin tó ń gba ẹnu ẹ́sọ́ọ̀sì bọ́ sínú omi láìjó. Nínú kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25, ohun tó tó lítà mẹ́fà lè bá omi lọ bẹ́ẹ̀, ní iye tí wọ́n ń ta pẹtiróòlù lóde òní! Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a, kó ra ẹ́ńjìnnì four-stroke nígbà tí ti ọwọ́ rẹ̀ bá gbó. Mo mọ̀ pé owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, n kò sì ní tan ẹnikẹ́ni jẹ pé ó rọrùn. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a, kó má po ọ́ìlì ju bí ìwé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti wí lọ. Àwọn kan gbà pé bí ọ́ìlì bá pọ̀, ẹ́ńjìnnì kò ní nọ́ọ̀kù. Púlọ́ọ̀gì ni ọ́ìlì àpọ̀jù ń bà jẹ́, èéfín ló ń mú jáde, ìyókù á sì bọ́ sódò.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rá píọ̀wọ́tà wà nílẹ̀ pẹ̀lú, ẹ̀mí sì lèyí lè gbà. Omi odò ni ẹ́ńjìnnì tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ yín fi ń tu ara rẹ̀ nínú. Bí ọ̀rá bá dí ihò tó fi ń fa omi, á gbóná, á nọ́ọ̀kù. Bí ọ̀rá tàbí àjákù àwọ̀n bá wé mọ́ pùròpẹ́là, ọkọ̀ á dúró gbagidi. Bó bá ṣe èbúté ni, a ó rẹ́rìn-ín, a ó tú u. Bó bá ṣe àárín ọ̀sà ni, nírọ̀lẹ́, tí ọkọ̀ kún, tí ọmọ ọwọ́ wà níbẹ̀, tí ìjì sì ń ṣú, ta ni yóò bọ́ sómi lọ tú u? Èrò ọkọ̀ ló mu omi tán tó ju ọ̀rá náà sẹ́yìn, awakọ̀ rí i, kò sọ̀rọ̀. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀.

Àpò ìrẹsì kan tó ṣófo, kí ẹ so ó mọ́ ìdí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí awakọ̀ sọ fún èrò kí wọ́n tó ṣí pé inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rá ń lọ. Ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ ojú omi lágbára láti fi èyí ṣòfin ní èbúté láìdúró de ìjọba kankan: ọkọ̀ tí kò bá ní àpò kò gbọdọ̀ gba èrò.

Àwọ̀n náà ńkọ́, ẹ̀yin apẹja? Àwọ̀n òwú tí àwọn baba wa ń hun, bó bá gbó, á jẹrà. Náílọ̀n kì í jẹrà bọ̀rọ̀. Àwọ̀n náílọ̀n tó ya tí a jù sómi kò ṣíwọ́ iṣẹ́: ó ń mú ẹja tí ẹnikẹ́ni kò ní kó, ẹja á kú síbẹ̀, òmíràn á wá jẹ òkú rẹ̀, òun náà á há. Ẹja tí ẹ ní kò sí mọ́ nínú ọ̀sà, àwọ̀n tí ẹ jù nù wà lára ohun tó ń kó o. Ẹ kó àjákù àwọ̀n wálé. Ó wúlò fún ọgbà àti fún bíbo adìẹ.

Ìfun ẹja, ìdọ̀tí ìyàgbẹ́ àti omi ọṣẹ tí a ń dà sódò láti ibi iṣẹ́ ń bọ́ ewé orí omi tó ń dí ọ̀nà ọkọ̀. Ọdún 1984 ni ewé yẹn ti apá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ gba Badagry wọ Nàìjíríà, tó sì ba ọ̀nà omi dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tí a bá dà sódò ló fi ń ṣe ajílẹ̀. N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn, ẹni tó bá ti fi àjẹ̀ la àárín rẹ̀ kọjá rí kò nílò àlàyé mi.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ kan tí ń bí mi nínú. Bí a bá ti ń sọ báyìí, ẹnìkan á ní: “Ilé iṣẹ́ epo ló ba omi wa jẹ́, kí ni kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo tèmi fẹ́ ṣe?” Mo mọ ìtàn yẹn. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1998, àwọn ọmọ Ìlàjẹ tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ sí Parabe, ibùdó ìwapo Chevron tó wà lójú òkun wa. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni iṣẹ́ àti àtúnṣe sí omi àti ilẹ̀ tí ìwapo ti bàjẹ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù kan náà, ṣọ́jà àti ọlọ́pàá fi hẹlikọ́pítà tí ilé iṣẹ́ náà háyà balẹ̀ síbẹ̀, wọ́n yìnbọn, ẹni méjì kú. Ẹjọ́ náà dé San Francisco ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ọ ti dá Chevron láre ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2008. Ní ọdún 2020 ni kànga epo Ororo-1 tún bẹ̀rẹ̀ sí í jó lójú òkun nítòsí Àwòyè, iná náà sì wà lójú omi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí àwọn yẹn dà sómi pọ̀ ju tiwa lọ débi pé a kò lè fi wọ́n wéra. Bẹ́ẹ̀ ni n kò sọ pé ọ̀rá píọ̀wọ́tà ló ń gbé Ayétòrò mì. Òkun ló ń jẹ ìlú yẹn, ẹjọ́ rẹ̀ sì wà lọ́rùn àwọn ìjọba tó ṣèlérí odi òkun tí a kò rí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tiwọn kò sọ tiwa di ẹ̀tọ́. Ẹ tún rò ó síwájú. Ọjọ́ tí epo bá tún dà, tí a bá ké sí NOSDRA, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2006 fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á wá bu omi àti ẹrẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Epo rọ̀bì àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ọ̀kan náà, àwọn onímọ̀ sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí wọ́n bá bá kọ́ńdẹ́ẹ̀mù jẹnẹrétọ̀ tiwa nínú omi èbúté, ṣé ẹ rò pé agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ epo yóò dákẹ́ lórí ìyẹn? Ẹ̀rí wa là ń fi ọwọ́ ara wa bà jẹ́. Ẹni méjì ti kú nítorí omi yìí.

Wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Ní Igbókòdá, àwa tí omi ń bọ́ la fẹ́ máa bá a ṣọ̀tá.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń yan ẹja, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀, torí ara yín ló kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọ̀rá, táyà tàbí rọ́bà dá iná mọ́. Mo mọ̀ pé igi tútù kì í tètè gbiná, pàápàá lásìkò òjò. Èéfín ọ̀rá olóró ni, ó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró yín, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹja tí ẹ fẹ́ tà. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò rẹ̀ pé èéfín ìdáná nínú ilé ṣekú pa ènìyàn tó tó mílíọ̀nù 3.2 lágbàáyé ní ọdún 2020, èyí tí igi àti èédú wà lára ohun tó fà á. Ti ọ̀rá tún burú ju ìyẹn lọ. Ẹ má sì fi pákó tí wọ́n ti fi kọ́ńdẹ́ẹ̀mù pa lára nítorí ikán yan ẹja.

Igi ẹ̀gbà tí ẹ ń lò pẹ̀lú, ilé ọmọ ẹja ni gbòǹgbò rẹ̀. Èyí tí a bá fi ṣòfò lábẹ́ dúrọ́ọ̀mù, ẹja ọ̀la la fi dáná. Àwọn obìnrin bíi tiyín ti rí ọ̀nà àbáyọ sí èyí tipẹ́. Ní Chorkor, àdúgbò àwọn apẹja ní Accra, ní nǹkan bí ọdún 1970, àwọn obìnrin tó ń yan ẹja níbẹ̀, àwọn onímọ̀ oúnjẹ ti Ghana àti àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé, FAO, jọ ṣe ààrò kan tí gbogbo ètíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wá mọ̀. Amọ̀ tàbí búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, onígun mẹ́rin, pẹ̀lú ẹnu ìkoná méjì níwájú. Àtẹ onígi tó ní wáyà nísàlẹ̀ ni wọ́n ń tò lé ara wọn lórí rẹ̀, ó lè ju mẹ́wàá lọ. Ooru àti èéfín kò ráyè sá lọ, inú gbogbo àtẹ ni wọ́n ń gbà kọjá kí wọ́n tó jáde. Igi díẹ̀ á yan ẹja púpọ̀. Nígbà tó yá, FAO àti ilé ẹ̀kọ́ àwọn onímọ̀ ẹja ní Thiaroye, ní Senegal, tún fi àtẹ tó ń gba ọ̀rá ẹja kún un, kí ọ̀rá má baà kán sínú iná kó di èéfín búburú. Kì í ṣe ìdùnnú ojú lásán ni wọ́n ṣe é fún. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014 ni ilẹ̀ Yúróòpù ti dín ìwọ̀n oró èéfín tí wọ́n ń gbà láàyè nínú ẹja yíyan kù. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹja Ìlàjẹ kọjá Lekki, kó wo ààrò rẹ̀ wò. Bíríkìlà Igbókòdá lè mọ irú rẹ̀, kò nílò kí òyìnbó wá.

Ẹja tó bàjẹ́ náà ìdọ̀tí ibi iṣẹ́ ni. FAO sọ pé bíi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ẹja tí gbogbo ayé ń pa ni kò dé ẹnu tàbí tó ń ṣòfò. Nítorí kí ẹja gbígbẹ má baà ní kòkòrò, àwọn kan ti ń fi Sniper fín in. Oògùn apakòkòrò ni Sniper, kì í ṣe iyọ̀! NAFDAC ti fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ ní ọjà láti ọdún 2019. Ẹja tó bá gbẹ dáadáa, tí a sì kó síbi tí atẹ́gùn ń gbà, kò nílò rẹ̀.

Ẹ̀yin onísọ́míìlì, ẹ ti mọ Òkò Baba ní Èkó. Ọ̀pọ̀ gẹdú ilẹ̀ wa ló gba orí omi lọ síbẹ̀ láyé àtijọ́, tí wọ́n so pọ̀, tí wọ́n ń lé e lọ lórí ọ̀sà. Iyẹ̀ igi tí ayùn ń gé ni wọ́n ń dà sétí ọ̀sà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí omi fi di ilẹ̀, tí ilẹ̀ náà ń rú èéfín lábẹ́. Ó di dandan kí ìjọba Èkó kọ́ ibòmíràn fún wọn ní Àgbọ̀wà. Iyẹ̀ igi tó bá jẹrà nínú omi ń gba atẹ́gùn lọ́wọ́ ẹja. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí wọ́n lé ẹ̀yin náà, ẹ kó o sórí ilẹ̀ gbígbẹ, jìnnà sí odò. Àwọn tó ń sin adìẹ ń wá a fún ìtẹ́ adìẹ.

Ẹ̀yin ará ọ́fíìsì àti ẹ̀yin olóúnjẹ, n kò gbàgbé yín. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024 ni ìjọba Èkó fòfin de ike funfun tí a ń bu oúnjẹ sí, ní ọdún yẹn kan náà sì ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba jáwọ́ nínú ike àlòsọnù. Ìpàdé tí wọ́n bá pè ní sẹkitéríàtì lónìí, ẹ wo iye ike omi tó wà lórí tábìlì. Kúlà kan àti ife mélòó kan tó. Ìlú tó ní yanrìn ìgò, tó sì ní ilé iṣẹ́ Oluwa Glass rí kó tó kógbá sílé, ni ike ń dí gọ́tà rẹ̀! Láyé ìgò, ẹni tó bá mu mínírà tán á dá ìgò padà, torí pé owó wà lórí rẹ̀. Kò sówó lórí ike, ìyẹn ni kì í fi í padà sílé.

Ọ̀kan kù tí mo gbọdọ̀ sọ: ẹ má fi kẹ́ẹ̀gì tàbí dúrọ́ọ̀mù kẹ́míkà pọnmi. Ní Kókò, tí kò jìnnà sí wa lápá ìlà-oòrùn, wọ́n rí ìdọ̀tí olóró tó ju 3,000 tọ́ọ̀nù lọ ní ọdún 1988, tí wọ́n kó wá láti Ítálì sínú àgbàlá ẹnìkan. Àwọn ará ibẹ̀ da ohun inú àwọn dúrọ́ọ̀mù kan nù, wọ́n fi wọ́n tọ́jú omi. Òfin tí ìjọba ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ní ọdún yẹn gan-an fi ẹ̀wọ̀n gbére sí ọrùn ẹni tó bá da irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Kí a wá ṣe kọ́ńdẹ́ẹ̀mù báwo? Ẹni tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ń fi pa mọ́ọ̀dù, káfíńtà ń fi pa igi òrùlé, wọ́n sì ń fowó rà á. Kí ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì yan ibì kan ní ìlú, kí wọ́n gbé dúrọ́ọ̀mù irin tó ní ìdérí síbẹ̀, lórí sìmẹ́ǹtì, lábẹ́ òrùlé, kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù máa gbé tirẹ̀ wá, kí wọ́n máa tà á papọ̀, kí owó rẹ̀ wọ àpò ẹgbẹ́. Kí ìjọba ìbílẹ̀ pèsè ibi tí a ń kó ìdọ̀tí sí ní èbúté, kí ó sì máa kó o ní ọjọ́ tó bá dá. Bí wọ́n bá ṣe ibẹ̀ tán tí wọn kò kó o, a ó pè wọ́n lórúkọ. Ẹni tó bá ń fọwọ́ kan kọ́ńdẹ́ẹ̀mù lójoojúmọ́, kó wọ ìbọ̀wọ́, torí pé ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ awọ ara.

Kẹ́ẹ̀gì oní-lítà márùn-ún tó ṣófo kò wọ́n. Ẹ gbé ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ yín lónìí, ẹ kọ “kọ́ńdẹ́ẹ̀mù” sí i lára gàdàgbà kí ọmọdé má baà mu ún, ẹ sì kìlọ̀ fún ọmọ iṣẹ́ yín pé ọ́ìlì kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ mọ́.